Omi Tó Yọ Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni mo ti kọ́kọ́ pàdé Àǹtí Ìròyìn. Oníbúrẹ́dì ń bá a wí pé òjò tó ní kò ní rọ̀ ti rọ̀ sórí ìyẹ̀fun òun, obìnrin náà sì ń tọrọ gáfárà bí ẹni pé òun ló ni ojú ọ̀run. Òun ló ń ka ìròyìn ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré ìlú wa. Ohunkóhun tó bá kà, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kì í ráhùn. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n, ìyá á pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́.

Oníkámẹ́rà kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ náà ní, iṣẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó ló sì máa ń bá kiri ní gbogbo Àbámẹ́ta. Nítorí náà, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti ń gba ìròyìn Àbámẹ́ta sílẹ̀. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, wọn á kà á bí ohun tó ti kọjá. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ewu kankan ò sì wu wọ́n, torí nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílùú wa.

Àfi ìgbà tí alága ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ ṣí ẹ̀rọ omi ní àdúgbò ìyá Àǹtí Ìròyìn. Lọ́jọ́ Ẹtì, Àǹtí fi ohùn dídùn kà á pé omi tú yàà, tọmọdé tàgbà sì ń jó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, alága yí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ súfèé, ó húkọ́, ó dákẹ́. Àwọn èèyàn gbé garawa òfìfo relé, wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn ti jó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyá dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀ tòun ti garawa.

“Omi tó o ní ó yọ ni mo wá pọn.”

“Màámi, ẹ má bínú. A ti gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni.”

“Ẹ wá gbàgbé láti gba omi sílẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò ní wò ọ́ mọ́.”

Ìyẹn ló dun Àǹtí wọra. Ó ní kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn jẹ́ kí òun tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọ̀gá, tí ìpolówó ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ́, ní kó fara balẹ̀: omi náà á ṣáà yọ lọ́jọ́ kan, ìròyìn wọn á sì di òótọ́, ó kàn yá díẹ̀ ni.

Nírọ̀lẹ́, lórí ìròyìn tí wọn kì í gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ka gbogbo ìròyìn tán, ó sì gbójú sókè.

“Ẹ̀rọ omi tí mo ní ó yọ lánàá kò yọ. Kí wọ́n tó ṣí i ni mo ti sọ ọ́. Ẹ foríjì mí.”

Ọ̀gá káwọ́ lérí. Ó juwọ́ sí oníkámẹ́rà pé kó yí kámẹ́rà síbòmíràn, ṣùgbọ́n aṣọ fèrèsé nìkan ló kù tí wọ́n lè fi han aráyé.

Ọ̀gá ìbá lé e, ṣùgbọ́n oníkámẹ́rà tó fi dípò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ń làágùn débi pé àwọn èèyàn wá béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ìyá ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé òun ò wo nǹkan kan o, pé aládùúgbò ló yí tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sókè jù. Àti pé ẹni tó ń ka ìròyìn lónìí, kí wọ́n má tún gbé e jáde mọ́.

Ọ̀gá dá a padà. Àǹtí Ìròyìn ni olórí ẹ̀ka ìròyìn níbẹ̀ báyìí, ilé ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ tí omi bá yọ.