Ọjọ́ tí Ìyá Ẹgbẹ́ Gbé Kúnú Kalẹ̀

Ìbọ̀sẹ̀ iléèwé mi ni mò ń fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nígbà tí Ìyá ké sí mi pé kí n wá bá òun ṣan ọkà jéró tó fẹ́ fi ṣe kúnú. Mo sáré lọ. Jéró náà ti wà nínú omi láti àná, ó ti wú, ó sì ti ń rùn díẹ̀díẹ̀ bí ògì ṣe máa ń rùn. Atalẹ̀, kànáfùrù àti ata wà nínú àwo tánganran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn wọn ń ta sí mi nímú. Ọjọ́ Àìkú ni, ilé Ìyá sì ni ìpàdé ẹgbẹ́ yóò ti wáyé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo wo abẹ́ igi máńgòrò: kò sí àgbò, kò sí adìyẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ìyá, ṣé kúnú yìí la máa mu kí ìrẹsì tó jinná ni?"

"Ìrẹsì wo? Ṣan jéró iwájú ẹ."

Ìyá kì í ṣe ìbátan wa. Aládùúgbò wa ni ní Badarawa, ògiri kan ṣoṣo ló pààlà yàrá wa àti tirẹ̀. Kaduna ni wọ́n bí i sí. Ó ń kírun, àwa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sì jọ ń jẹ Iléyá àti Kérésìmesì ni. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Yorùbá tí màmá mi wà. Wọ́n ń gbé ìpàdé yípo láti ilé dé ilé, onílé ló sì ń gbọ́ oúnjẹ: ìrẹsì, ẹran, mínírà. Òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn mọ̀: ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ tó ju ti Ìyá lọ kalẹ̀. Nítorí náà, àgbò ni Ìyá máa ń pa, kí àwọn yòókù lè rí àyè se adìyẹ tó bá wù wọ́n.

Ọdún yẹn ni ilé iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Bàbá mi wà lára wọn. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ wa, ẹja gbígbẹ gba ipò rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò gbádùn mọ́. Bó bá ti kù díẹ̀ kó kan ẹnì kan láti gbàlejò, onítọ̀hún á ránṣẹ́ pé ibà ń ṣe òun, tàbí pé wọ́n pe òun nílé. Ìyá á gbọ́, á mi orí.

"Ibà Kaduna yìí mà mọ kàlẹ́ńdà o!"

Lẹ́yìn Ìyá, màmá mi ló kàn. Mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi pé ìpàdé ti ilé Ìyá yìí ni òun máa lọ kẹ́yìn, òun á rọra kúrò nínú ẹgbẹ́. Inú mi bàjẹ́. Nínú ẹgbẹ́ yẹn nìkan ni mo ti máa ń gbọ́ kí màmá mi rẹ́rìn-ín sókè.

Lọ́sàn-án, obìnrin kún àgbàlá. Àwọn tí ibà ń ṣe náà wá, nítorí àgbò. Mo gbé igbá kúnú jáde, Ìyá tẹ̀ lé mi pẹ̀lú agbọ̀n àkàrà gbígbóná. Oníṣòwò aṣọ kan tó máa ń wa mọ́tò wá láti Ungwan Rimi na ọrùn wo ẹ̀yìn Ìyá.

"Haba, Ìyá! Ẹran ńkọ́?"

"Ẹran wà ní Rigasa, ó ń jẹko. Ẹ jẹ́ kó sanra."

Ẹ̀rín sọ. "Ìyá ti di ahun!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ahun ni mí, wallahi. Ẹ mu kúnú ahun."

Oníṣòwò náà ò gbà. "Kò burú. Tó bá kàn mí, màlúù ni màá pa, ká fi gbàgbé tòní."

Ìyá gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "O fẹ́ ju ìyá ẹ lọ? Lójú mi báyìí?"

Obìnrin náà wo kúnú, ó wo Ìyá, ó wá kúnlẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mo ti gbọ́, Ìyá. Kúnú ni. Àmọ́ ṣúgà tèmi á pọ̀ díẹ̀ o!"

"Kò gbọdọ̀ pọ̀!" ni gbogbo àgbàlá dá a lóhùn.

Mo wo màmá mi. Ó ti tẹ orí ba, èjìká rẹ̀ ń mì, ẹ̀rù sì bà mí pé ó ń sunkún. Ìgbà tó gbójú sókè ni mo rí i pé ẹ̀rín ló ń pa á. Ó na ife rẹ̀ sí mi kí n tún bu kúnú sí i. Nígbà tí ìpàdé tún yí dé, ilé wa ni wọ́n ti mu kúnú, pẹ̀lú ẹ̀pà sísè. Ibà ò ṣe ẹnikẹ́ni.

Èmi náà ti wà nínú ẹgbẹ́ báyìí, níbòmíràn. Tí ọwọ́ bá há, tí mo rí i pé àwọn kan ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpàdé kọ́kọ́ kan ilé mi, kí n lè gbé oúnjẹ kékeré kalẹ̀ ṣáájú wọn. Ojú máa ń tì mí díẹ̀ bí mo bá ń gbé e jáde. Mo rò pé ojú ti Ìyá náà.

Lọ́jọ́ tí a ń kó kúrò ní Badarawa, tí ẹrù wa ti wà nínú ọkọ̀, mo wọlé lọ dágbére fún un. Ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo bi í bóyá ó dùn ún bí wọ́n ṣe fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kúnú yẹn. Kò gbójú sókè.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín," ó ní. "Àmọ́ ṣé o rí ẹni tó dìde kúrò nínú ẹgbẹ́?"