Ẹ Ṣì Máa Mánéèjì Ẹ̀

Kì í ṣe torí pé inú rẹ̀ máa ń tètè ru ni wọ́n ṣe ń pè é ní Màmá Gbóná. Ibi iṣẹ́ ló ti gba orúkọ náà. Yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ ilé pátápátá, níbi tí kò sí fèrèsé kankan. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ló wà níkàáwọ́ rẹ̀: irin róbótó méjì tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ, tó ń yí lórí ara wọn, tó sì gbóná bí ààrò. Èèyàn méjì ló yẹ kó máa ki bẹ́ẹ̀díṣíìtì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kó lè jáde lódì kejì ní títẹ́ pẹrẹsẹ.

Kò kàwé púpọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò sì kún ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó mọ̀ bí ẹni mowó, ìyẹn mánéèjì. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù, mú un wọ yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n gbà, omi ń ṣàn lára ògiri láti òkè dé ilẹ̀. Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ká ṣì mánéèjì ẹ̀ ná." Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn sí, ibẹ̀ lọmọ náà ti kọ́ ìrìn, ibẹ̀ náà ló ti wọ ilé ìwé. Nígbà tí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọtí yó wálé, tó ń lu ìyàwó, Màmá Gbóná gbé ẹkún rẹ̀ tọ ìyá ọkọ lọ. Ìyá yẹn bu omi fún un mu, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún lójú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi. Báwọn ọkùnrin ṣe rí nìyẹn. Máa mánéèjì ẹ̀." Ó mánéèjì ẹ̀ títí ọkọ fi wa ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ kan tí kò padà mọ́. Obìnrin mìíràn ló lọ bá.

Níbi iṣẹ́, ẹnì kejì tí wọ́n jọ ń ki aṣọ fiṣẹ́ sílẹ̀. Mánéjà wọn, ọkùnrin kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀, tí bàtà rẹ̀ máa ń dán gbinrin, ní kí Màmá máa mánéèjì ẹ̀ títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn. Wọn ò rí ẹnì kankan. Òun nìkan wá ń sáré láti ọ̀tún bọ́ sósì. Nígbà tó yá, ọ̀pá tó wà níwájú ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ọ̀pá yẹn ló máa ń dá ẹ̀rọ dúró bí ọwọ́ èèyàn bá kàn án. Ó lọ bá mánéjà.

"Ọ̀gá, ọ̀pá yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́ o. Tọ́wọ́ bá wọbẹ̀, kò ní dúró."

"A ti gbọ́, Màmá. Ẹ ṣì máa mánéèjì ẹ̀."

"Dìgbà wo, sà?"

"Ẹ máa rọra ṣe. Ṣé òní lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tí mánéèjì túmọ̀ sí gan-an nínú ìwé wọn.

"Ó pọ̀, Màmá," ni ọmọ wí. "Kéèyàn máa darí ilé iṣẹ́, mánéèjì ni. Ibẹ̀ la ti rí mánéjà. Téèyàn bá dojú kọ nǹkan tó le, tó ṣe é yọrí, mánéèjì náà ni. Téèyàn ò bá rí èyí tó fẹ́, tó fi èyí tó rí ṣe é bẹ́ẹ̀, mánéèjì ṣì ni."

"Mánéjà wa ló wá ń mánéèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Irọ́ ńlá! Èmi ni mò ń mánéèjì. Tiẹ̀ ni kí bàtà máa dán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé aládùúgbò gbá ògiri mọ́ wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀rọ gbá ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Bẹ́ẹ̀díṣíìtì kan ló ká lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fẹ́ tún un tẹ́, aṣọ náà bá fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Kí ẹnì kan tó sáré pa súìṣì, ẹran ọwọ́ ti lẹ̀ mọ́ irin.

Nílé ìwòsàn, dókítà tó wò ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gbogbo ohun tó sọ, mánéèjì nìkan ni Màmá Gbóná gbọ́. Ó bú sẹ́kún.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú àánú wò mí. Èyí ti kọjá èyí téèyàn ń mánéèjì."

Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Rárá o, Màmá. Àwa la máa mánéèjì ẹ̀. Ìtọ́jú ni wọ́n ń sọ."

Kò tíì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí láyé rẹ̀. Ẹkún náà tún wá le sí i. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ lóòótọ́, egbò jinná, ṣùgbọ́n ìka mẹ́ta gan, wọn ò ká mọ́.

Nígbà tó padà síṣẹ́, àwọn ọ̀gá méjì láti òkè wá jókòó ti mánéjà. Wọ́n ní ìwádìí fi hàn pé Màmá ló mísí-mánéèjì ẹ̀rọ. Ó ní irú mánéèjì wo tún nìyẹn. Wọ́n ní kéèyàn lo nǹkan ní ìlòkulò ni.

Ó kọjú sí mánéjà. "Ọ̀gá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n mánéèjì ẹ̀?"

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀."

Kọ̀rọ̀ kan ni wọ́n gbé e lọ, kó máa ká táwẹ̀lì.

Àárín ìgbà yẹn lọmọ rẹ̀ lọ́kọ, ọkùnrin tó kàwé, tó rọra ń sọ̀rọ̀. Kò pé ọdún méjì lọmọ wọlé dé lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, tòun ti báàgì. Ó tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀, àpá ìka ọkọ hàn kedere lọ́rùn rẹ̀. Màmá Gbóná dìde. Ó fẹ́ sọ pé jókòó, ọmọ mi. Ó rí yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó ronú ẹnu àwọn aládùúgbò. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé kò sí bó o ṣe lè ṣì mánéèjì ẹ̀ ná?"

Ọmọ kò pariwo. "Ẹ tún un sọ, Màmá."

Màmá Gbóná fi ọwọ́ òsì bo ẹnu.

"Ẹ wo ọwọ́ yín," lọmọ wí. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀, ó gbé báàgì, ó jáde. Kò padà sílé ọkọ. Ìlú mìíràn ló lọ, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan. Bó bá pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, yóò kí i bí èèyàn ṣe ń kí ẹni tó pàdé lórí àtẹ̀gùn: ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ṣé ara le, ó dàbọ̀.

Ní ilé iṣẹ́, wọ́n wá gba obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ọ̀pá yẹn, wọn ò tún un ṣe látọjọ́ yìí wá. Obìnrin náà bi mánéjà léèrè rẹ̀. Láti kọ̀rọ̀ rẹ̀, Màmá Gbóná gbọ́ èsì: "Ẹ ṣì máa mánéèjì ẹ̀."

Ó ju táwẹ̀lì sílẹ̀, ó rìn lọ síbi ògiri, ó pa súìṣì. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Màmá, ẹ tan ẹ̀rọ yẹn."

"Mi ò tan nǹkan kan." Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i níwájú. "Ẹ wò ó dáadáa, ọ̀gá. Òun ni mo fi mánéèjì."

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù tẹrí ba, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ tó ṣófo lọ, tó ṣófo bọ̀. Obìnrin tuntun yẹn ló wá dì í lápá mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi. Mo nílò iṣẹ́ yìí." Ìyẹn ló dùn ún ju gbogbo ẹ̀ lọ. Kó tó dọ̀sán, wọ́n ti ní kó máa lọ sílé. Bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn jáde ló gbọ́ tí ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ó pe ọmọ rẹ̀, ó ròyìn gbogbo rẹ̀.

"Ṣé wọ́n tún ọ̀pá náà ṣe?" lọmọ bi í.

"Wọn ò tún un ṣe."

"Ẹ̀ bá ti ṣe báyìí fún èmi náà lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí.

Ọmọ ní ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, òun máa padà pè. Kò pè.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n ránṣẹ́ pé kó dá yunifọ́ọ̀mù òtẹ́ẹ̀lì padà. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó fi ọwọ́ ọ̀tún lọ̀ ọ́, ó sì fi èyí tó gan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má bàa yẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, tó ti ń kí i kú àárọ̀ láti ọdún gbọọrọ, kò ṣílẹ̀kùn. Ojú ihò kékeré ara géètì ló ti gba aṣọ náà. Ó tú u wò, ó ń yẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó pé, Màmá," ló wí, ó sì ti ihò náà.