Ilẹ̀ Tí Ìyá Ìyá Mi Fi Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tún Ṣe

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ti yọ tí òmíràn kò tíì hù, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń gbé ní Ìkirè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń bá ọkọ̀ kọjá ní títì yẹn, dòdò nìkan lẹ máa ń rí. Ẹ ó na owó láti ojú wíńdò, wọ́n á fún yín ní dòdò, ọkọ̀ á gbéra. Ẹ kì í ronú ibi tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń lọ. Èmi mọ̀ ọ́n, torí èmi ni mo máa ń rù ú.

Ìyá àgbà kì í ṣe ọmọ Ìkirè. Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n ti wá, dòdò ni wọ́n sì ń dín jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sóko, bó ti wù kó pẹ́ nídìí agbada tó, ọkàn rẹ̀ á ṣì máa fà sóko. Ọkọ wọn, tí òun náà jẹ́ àlejò, ti kú. Ni wọ́n bá lọ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ lójú ọ̀nà Àpòmù. Baba tó jẹ́ olórí ìdílé náà kò sọ pé rárá. Ó ní ilẹ̀ wà. Ilẹ̀ tó wà náà ni ibi tí àwọn tó ń ṣe títì ti wa yangí lọ, tí katapílà ti ha ojú ilẹ̀ títí tó fi pọ́n bí ojú egbò. Kò sí koríko, kò sí ewé. Bí òjò bá rọ̀, omi pupa á dá ró síbẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, ilẹ̀ á le gbagidi. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí. Bí mo ti kéré tó, mo mọ̀ pé ẹ̀sín ni wọ́n fi ìyá àgbà ṣe.

Àdéhùn kan wà níbẹ̀ o. Ẹ fetí sí i dáadáa, nítorí òun ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí wọ́n yá nílẹ̀ dáko lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Kì báà ṣe kòkó, kì báà ṣe obì tàbí ọ̀pẹ. Igi kì í kúrò nílẹ̀ bọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì gbin igi lè dìde lọ́jọ́ kan kó ní òun ló ni ilẹ̀. Ìyá àgbà gbà bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún baba náà, iṣu àti ẹ̀wà, kódà lọ́dún tí ilẹ̀ yẹn kò mú nǹkan kan jáde, tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ti ra iṣu ọ̀hún.

Èèpo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn onídòdò ń dà sí gọ́tà, ìyá àgbà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kó o jọ fún àwọn. Kí n tó lọ síléèwé láàárọ̀, agbọ̀n á ti wà lórí mi. Omi èèpo á máa ro sí mi lọ́rùn, eṣinṣin á máa tẹ̀ lé mi bí ẹni pé mo bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Elééèpo, mo sì kórìíra orúkọ náà gidigidi. Tí a bá dé ilẹ̀ tí katapílà ha yẹn, a ó da èèpo sílẹ̀, a ó da èèpo kòkó lé e, a ó gbé igi dínà omi kó má baà gbá a lọ. Òjò àkọ́kọ́ gbá a lọ. A tún kó òmíràn.

Nígbà tó yá, gbégi hù. Ìmí eṣú tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n fà wọ́n tu, nítorí ohun tí gbogbo ọmọ àgbẹ̀ mọ̀ ni pé ọ̀tá oko ni koríko. Ìyá àgbà gbá mi lọ́wọ́.

"Fi wọ́n sílẹ̀! Ẹni tó wà níhòòhò kì í ṣa aṣọ."

Ọdún ń gorí ọdún, igbó kékeré bo ibẹ̀. Tí a bá ṣí ewé gbígbẹ, a ó bá ekòló nísàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ á sì dúdú. Ìyá àgbà á bu ilẹ̀ náà sọ́wọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á ní, "Alhamdulilahi." Wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, ó ta. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bóyá ẹyẹ ló gbé e wá, bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀rù àdéhùn ba ìyá àgbà. Wọ́n mú mi dání, a tọ baba onílẹ̀ lọ.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pẹ ń hù lóko yẹn o. Èmi kọ́ ni mo gbìn ín. Ṣé kí n fà á tu?"

Baba rẹ́rìn-ín. "Obìnrin yìí! Ohun tí Ọlọ́run gbìn, ta ni yóò fà á tu? Máa tọ́jú ẹ̀."

A tọ́jú ẹ̀. Òyà fẹ́ràn ọ̀gọ̀mọ̀ ọ̀pẹ púpọ̀, nítorí náà a fi ẹ̀gún ṣọgbà yí àwọn kéékèèké ká. A ń ro ìdí wọn, a sì ń kó èèpo lọ fún wọn. Nígbà tí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn tó kọ́kọ́ hù ti ń so, èèyàn sì lè wọ abẹ́ wọn kó sá fún oòrùn.

Baba onílẹ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wakọ̀ ní Gbọ̀ngán, wá sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ wò. Ó dé oko wa. Ó gbójú sókè wo ìdì ẹyìn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Àwọn àgbà ilé jókòó sórí ẹní, ọmọ náà jókòó sórí àga.

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló gbin àwọn ọ̀pẹ tó wà lóko tí wọ́n yá yín?"

Ìyá àgbà rò pé wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn pé àwọn da àdéhùn ni. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà náà.

"Mo fi Ọlọ́run Ọba búra, n ò gbin ẹyọ kan. Bàbá yín tó lọ mọ̀ nípa ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló hù fúnra ẹ̀."

Ọkùnrin náà yíjú sí àwọn àgbà. "Ẹ gbọ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀pẹ tó bá lalẹ̀ hù, onílẹ̀ ló ni ín. Ẹ ṣeun, ìyá. Láti òní lọ, ẹ má fọwọ́ kan ẹyìn ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè máa ro abẹ́ ẹ̀."

Ó tán. Àwọn àgbà náà dìde lórí ẹní, wọ́n túká. Ká ní ìyá àgbà sọ pé àwọn ló gbìn ín ni, wọ́n á ní wọ́n ti da àdéhùn, wọ́n á lé wọn. Wọ́n sọ òtítọ́, wọ́n sì fi òtítọ́ gba oko lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣì ń bí mi títí di òní. Ta ló béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló gbin ilẹ̀ tí ọ̀pẹ hù lórí rẹ̀?

Ìyá àgbà kò padà síbẹ̀ mọ́. Agbada ni wọ́n jókòó tì. Epo tí wọ́n fi ń dín dòdò, ọwọ́ ìyàwó awakọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń rà á lọ́jà, wọ́n á sì kí i pé ó kú ọjà. Èmi kì í kí i.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, títì bàjẹ́, àwọn tó fẹ́ tún un ṣe ń wá yangí. Awakọ̀ náà ta á fún wọn. Katapílà wó gbogbo ọ̀pẹ yẹn, ó ha ilẹ̀ dúdú kúrò, ó wa kòtò tó jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, méjì nínú àwọn àgbà ilé yẹn mú obì wá, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú agbada.

"Ìyá, ilẹ̀ yẹn kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ máa bọ̀ wá dáko yín níbẹ̀. A ò ní gba ìṣákọ́lẹ̀."

Ìyá àgbà yí dòdò tó wà nínú epo padà. Wọn kò gbójú sókè.

"Ẹ lọ wá arúgbó mìíràn."

Wọ́n gbé obì wọn lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá àgbà jáde láyé.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin náà rí i. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ á béèrè ìwé, á pe sọ̀fíyọ̀ tí yóò wọn ilẹ̀, á mọ ògiri. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń jóná pẹ̀lú ọ̀rá lẹ́bàá títì. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé ìfẹ́ wà láyé àtijọ́. Mi ò bá wọn sọ ọ́. Láyé àtijọ́ náà, wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ arúgbó lójú gbogbo ayé, wọ́n sì tún kí i pé ó ṣeun. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò ju pé nígbà náà, ẹnì kan ṣì wà tó lè tún un ṣe kí wọ́n tó gbà á. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí, kòtò náà ṣì pupa. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìdílé yẹn ṣì ń fi í lọ̀ àwọn àlejò tó bá wá tọrọ oko. Àlejò á wò ó, á ní ṣé òun lè gbin igi sí i. Wọ́n á ní rárá.