Súìṣì Kẹrin Kò Ní Iná

Òórùn ẹja yìnyín ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, nítorí inú píkọ́ọ̀pù tí a fi ń kó ẹja ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Mafolúkù là ń gbé, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi. Òun ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú, èmi ń ta ẹja níwájú ilé. Àwa méjèèjì la jọ dáwó ra ọkọ̀ náà, àlòkù tí ìpẹtà ti ń jẹ ara rẹ̀. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú ti kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti mu oògùn náà ní àmujù kí n tó dàgbà rárá. Bí ẹnì kan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò.

Iná ló fa ọ̀rọ̀. Ìdájí la máa ń lọ gbé ẹja ní ilé yìnyín kan ní Ìsọlọ̀, òkùnkùn ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọ́n lè gbé páálí tí ẹja rẹ̀ ti rọ̀ fún èèyàn kó má mọ̀. Ọkọ mi bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹwáyà kan ní Apákun, àwọn tó ń ṣe iná ọkọ̀, pé kó fi iná kún un: níwájú, lórí òrùlé, àti lẹ́yìn níbi tí ẹrù ń wà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní súìṣì tirẹ̀. Nígbà tó gbé e dé, ó ń tẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, mo ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Àfi bí mo ṣe ka súìṣì tó tò sábẹ́ rédíò, tí mo rí i pé mẹ́rin ni.

“Èyí ńkọ́, Dádì?”

“Sípíà ni. Tí a bá tún fẹ́ fi iná mìíràn sí i lọ́jọ́ iwájú.”

Rédíò ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ní àkókò yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọkọ̀ wà ni. Kí wọ́n tó fi iná sí i, mo ti dá wà á lọ sí Àjàó Estate, mo sì dá a padà láyọ̀. A ti fẹnu kò pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ àárọ̀ bá kan ọkọ mi, èmi ni n ó máa lọ gbé ẹja. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà. Mo gbàdúrà, mo bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo fi kó ẹja, omi yìnyín ń ro sí mi lẹ́sẹ̀ títí dé ilé. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi dé, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbà.

“O ò tíì mọ̀ ọ́n ṣí ni,” ló wí.

Ó tún ṣẹlẹ̀, ó tún ṣẹlẹ̀. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí ẹja mi kì í dé lásìkò mọ́. Ìyá onílé wa tù mí nínú pé ọkọ̀ máa ń mọ ọwọ́ olówó rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọkọ̀ náà láràárọ̀, kó lè mọ̀ mí.

Àmọ́ bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ mi. Obìnrin ni mo kọ́kọ́ rò, mo gbóòórùn ẹ̀wù rẹ̀ títí, eruku páálí ni mo ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣàkíyèsí pé bó bá ti pa ọkọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sábẹ́ rédíò kó tó ṣílẹ̀kùn, àní lọ́sàn-án gangan tí iná kankan kò tàn.

Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo wọ inú ọkọ̀, mo tẹ súìṣì kẹrin, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Inú mi kò dùn rárá. Mo wà á lọ sí Apákun tààrà.

Rẹwáyà ò fi nǹkan kan pamọ́. “Súìṣì olè ni, Mọ́mì. Ó ń dá póm̀pù epo dúró ni. Bí olè bá wọ inú rẹ̀, kò ní lè gbé e lọ.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi fi í pamọ́ sábẹ́ àga, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é fún gbogbo ayé.

“Ohun témi náà fẹ́ ṣe nìyẹn. Ọ̀gá ló ní rárá, pé ẹ̀yin lẹ máa ń fọ abẹ́ àga, ẹ ó rí i.”

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. Olè wo ló máa ń fọ ọkọ̀ kó tó jí i?

Mo jẹ́ kí ọkọ mi jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà.

“Dádì, ṣé èmi ni olè?”

Mo ti to èsì sílẹ̀ láti ọ̀sán, torí mo rò pé á jiyàn, kò jiyàn. Ó sọ fún mi nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkìrun, tí ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ọjà lòun ń lọ, tí kò sì padà wálé mọ́.

“Ọjọ́ tí o dá wakọ̀ lọ sí Àjàó,” ló wí, “mo dúró níwájú ilé, mo rí ojú ẹ nígbà tí o dé. Inú ẹ dùn ju bó ṣe máa ń dùn nílé lọ. Ẹ̀rù bà mí.”

Mo sunkún. Inú bí mi, àánú rẹ̀ tún ṣe mí, àánú náà wá jẹ́ kí inú túbọ̀ bí mi.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ní kí wọ́n yọ súìṣì náà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń na kọ́kọ́rọ́ sí mi báyìí, á ní kí n máa rọra. A ti parí ìjà, ẹ má rò pé a ń bá ara wa yodì. Ṣùgbọ́n kó tó ṣe súìṣì yẹn, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé mo lè lọ. Òun ló kọ́kọ́ rò ó fún mi. Nígbà mìíràn tí mo bá ń ti Ìsọlọ̀ bọ̀, tí títì márosẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi, mo máa ń rò ó wò pé kí n kàn máa lọ. Mo máa ń yà sí Mafolúkù. Bí mo bá dé, mo máa ń bá a níta tó ń dúró dè mí, á bá mi sọ ẹja kalẹ̀, kì í sì í béèrè ohun tó mú mi pẹ́.