Ọ̀sán Tí Ilẹ̀kùn Tì Mọ́ Àwa àti Kámẹ́rà Ìràwọ̀

Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó to ìràwọ̀ sójú ọ̀run, tó sì mú mi jáde nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.

Òórùn ọ̀dà dúdú ni mo fi ń rántí yàrá náà. Stọ́ọ̀ ni tẹ́lẹ̀, ní yunifásítì kan ní Benin. A kun ún dúdú, a lu ihò wínníwínní sára pátákó, a gbé gílóòbù sẹ́yìn rẹ̀ kó lè jọ ojú ọ̀run. Iwájú rẹ̀ ni kámẹ́rà wa wà, èyí tí yóò máa wo ìràwọ̀ kí sátẹ́láìtì kékeré lè mọ ibi tó kọjú sí. Nínú stọ́ọ̀, kì í ṣàṣìṣe. Lórí òrùlé, ó máa ń ṣìnà díẹ̀, a ò sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀gá wa ti sọ pé bí a kò bá rí i tún ṣe lọ́sẹ̀ náà, kámẹ́rà ẹlòmíràn ni yóò bá sátẹ́láìtì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ará Ìjẹ̀bú, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a sì jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa. Iná lọ, ẹ̀rọ amúlétutù dákẹ́. Mo fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó já mọ́ mi lọ́wọ́. Fóònù wa wà níta, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń da kámẹ́rà láàmú. A lu ilẹ̀kùn títí ẹ̀ṣọ́ fi dáhùn.

"Who dey inside?"

"Na we o! Abeg, open!"

"Madam wey hold key don go Ekiosa market."

Òógùn bò wá. Mo ń gbàdúrà bí ẹni tó wà nínú ibojì. Ẹ̀gbọ́n ní, "Jónà sàn jù wá lọ. Omi ń bẹ lọ́dọ̀ tiẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò lè mí dáadáa."

"Jókòó, kí o máa wo ìràwọ̀."

Bátìrì ló gbé kámẹ́rà àti gílóòbù ró. Kí n má baà máa wo ilẹ̀kùn, mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, tó ń fi ohun tí kámẹ́rà ń rí hàn. Àwọn ìràwọ̀ ń sún díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn papọ̀, sí apá kan. Mo fọwọ́ kan ike tó di kámẹ́rà mú. Ó ti gbóná.

"Ẹ̀gbọ́n! Ooru ló ń tẹ ike yìí!"

Ẹ̀gbọ́n kò ṣàwàdà mọ́. "Nítorí ara tiwa la ṣe ń tan amúlétutù níbí," ni wọ́n wí, "a wá rò pé kámẹ́rà ló pé. Òrùlé kò ní amúlétutù."

Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ dé, èmi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ ni mo pariwo pé, "Abeg, no open am yet!" Ẹ̀ṣọ́ ní orí wa ti dàrú. Nígbà tó ṣí i nígbẹ̀yìn, atẹ́gùn wọlé, àwọn ìràwọ̀ sì padà sípò wọn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ irin ní Siluko Road, a fi irin rọ́pò ike, a sì kọ́ kámẹ́rà láti máa ṣírò ooru ara rẹ̀. Tiwa ló bá sátẹ́láìtì lọ sójú ọ̀run.

Láti ìgbà náà, bí ọ̀ràn bá há mọ́ mi, mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run pé kó ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń wo ohun tó ń sún nínú ooru náà, tí ìrọ̀rùn kò jẹ́ kí n rí.

Ìwọ tí o ń ka èyí, ibi yòówù tó bá há mọ́ ọ, Olúwa yóò mú ọ jáde, o kò sì ní jáde lọ́wọ́ òfo.