Procureur tí Koumassi Rán Lọ sí Ilé Aṣòfin

Moucharafou kò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ti ń gba ẹ̀bẹ̀. Koumassi, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ni wọ́n bí i sí, ọmọ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ni. Ó kàwé òfin, ó di procureur, agbẹjọ́rò tó ń bá ìjọba pe arúfin lẹ́jọ́. Láti ìgbà náà, bó bá ti wọ ibi ìkómọ, ẹ̀rín á dákẹ́. Kì í ṣe pé ó burú. Àbúrò bàbá rẹ̀ gan-an ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ojú gọ́tà, Moucharafou fúnra rẹ̀ ló sì dìde ní kóòtù pé kí wọ́n wó o. Wọ́n wó o lóòótọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó lọ kí bàbá náà kú àdánù, ó sì yà á lẹ́nu pé wọn kò fún un lómi mu.

Ẹjọ́ ọlọ́lá kan tó kọ̀ láti pa tì ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kékeré kan ní òkè àríwá. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò dupò aṣòfin. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì wá a wá. Ó bi àwọn àkọ́kọ́ pé, "Ìlérí tí ẹ ṣe nígbà tó kọjá dà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń retí èsì. Àwọn kejì kò tilẹ̀ jókòó pẹ́. Bó ṣe dá dúró láìsí ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ìpolongo rẹ̀ dà bí ìgbẹ́jọ́. Ìyá ẹlẹ́ja kan dìde lọ́jà, ó ní omi òjò ń wọlé bá àwọn.

"Ta ló ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà?" ni Moucharafou bi í.

"Àwọn èèyàn ni."

"Àwọn wo? Ṣé ẹ̀yin ò sí lára wọn?"

Ìyá náà jókòó. Kò sẹ́ni tó tún béèrè nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Wàsílátù, tó ń ta aṣọ nínú ọjà kan náà, ní kó dín ìbéèrè kù. Moucharafou ní òtítọ́ lòun ń wá.

"Ìbò lò ń wá," ni Wàsílátù dá a lóhùn.

Síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn wôrô-wôrô, takisí tó ń kó èrò kiri àdúgbò. Aziz ló ń lẹ̀ wọ́n, awakọ̀ tí Moucharafou fúnra rẹ̀ rán lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó ń wakọ̀ láìní ìwé àṣẹ. Orí procureur wú. Ó sọ fún èrò pé òdodo a máa sọ ọ̀tá di ọ̀rẹ́. Àwọn awakọ̀ pàtẹ́wọ́ gan-an.

Ó wọlé. Ó fi ẹgbẹ́ méjèèjì sẹ́yìn réré. Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá Wàsílátù ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi?"

Wàsílátù ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Aziz ló lọ káàkiri ibùdókọ̀. Ó ní bí o bá fìdí rẹmi, kóòtù lo máa padà sí. Ó ní ká yáa rán ọ lọ sí Ilé Aṣòfin, kí ara lè tu Koumassi."

"Ṣebí mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè padà."

"Àwa ò mọ òfin tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi ti rò ó bẹ́ẹ̀ kí Aziz tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Ó dùn ún. Ó wá Aziz lọ, ó bá a níbi tó ti ń fọ ọkọ̀ létí ọ̀sà.

"O tan àwọn èèyàn jẹ."

"Vieux père, bàbá wa, ẹ rán mi lọ sẹ́wọ̀n, èmi rán yín lọ sí Ilé Aṣòfin. Ta ló ṣẹ ẹnì kejì nínú wa?"

Moucharafou wo ọkọ̀ náà yí ká. Ó ní kí Aziz gbé òun lọ sílé, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ rẹ̀ han òun. Ìwé náà pé.

Ní Ilé Aṣòfin, kò sẹ́gbẹ́ tó gbà á mọ́ra, òun nìkan ló ń jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn mínísítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn lọ́jọ́ tó bá kan án láti béèrè ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn kò rí ibi sá sí. Rédíò ń gbé ìjókòó náà sáfẹ́fẹ́, Aziz sì gbé ohùn rẹ̀ sókè fún èrò inú ọkọ̀ rẹ̀.

"A ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà Koumassi," ni mínísítà wí.

"Láti ìgbà wo?" ni Moucharafou bi í.

Ìró bébà tí mínísítà ń ṣí kiri ló ń jáde nínú rédíò. Ọkọ̀ ti dé ọjà, obìnrin tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ sì ní kí Aziz jọ̀ọ́ má tíì pa rédíò, kí àwọn gbọ́ èsì ná.