Bí Radisav Ṣe Pe Ọmọ Rẹ̀ Wálé

Bí ẹ bá ń wá olóríkunkun ní abúlé wa, ẹ má wulẹ̀ wá a jìnnà. Ilé Radisav Pantović ló wà lókè pátápátá, níbi tí ọ̀nà ti wọ inú igbó lọ. Láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń gbàdúrà, ó ń gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, kò sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀ kan, ó parí nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ń pa á lọ, kò ní kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún un, Miloje lorúkọ rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ wa ló ní ẹni mímọ́ tirẹ̀, ọwọ́ baba sì ni ọmọkùnrin ti ń gba ọjọ́ ẹni mímọ́ náà. Lúùkù Mímọ́ ni ti àwọn Pantović. Tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, nígbà tí ewé bá ń wọ́, baba á tan àbẹ́là, òun àti ọmọ á jọ di búrẹ́dì ńlá kan mú níwájú àlùfáà, wọ́n á yí i, wọ́n á bù ú sí méjì, wọ́n á sì fẹnu kò ó. A kì í pe ẹnikẹ́ni wá. Láti àárọ̀ ni ilẹ̀kùn ti máa ń ṣí sílẹ̀; ẹni tó bá mọ̀ pé òun ní ìpín níbẹ̀ á wọlé. Ẹni tó bá ránṣẹ́ pe èèyàn síbi ọjọ́ ẹni mímọ́, ara rẹ̀ ló fi ń ṣe ẹlẹ́yà.

Ọjọ́ yẹn gan-an, lọ́dún kan, ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Miloje ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Čačak nígbà náà, ìgbàgbọ́ sì ti ṣí kúrò lọ́kàn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí baba na búrẹ́dì sí i lójú gbogbo àlejò, ó káwọ́ gbera.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá ẹlòmíì yí i. Ìyẹ̀fun lásán ni. Mi ò lè máa tan ara mi jẹ."

Baba tó gbọ́n ì bá rẹ́rìn-ín, ì bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Radisav ńkọ́? Ó nàka sẹ́nu ọ̀nà.

"Jáde! O ò gbọdọ̀ tẹ ilé yìí mọ́, àfi tí mo bá fẹnu ara mi pè ọ́!"

Ẹyin lohùn. Miloje mú kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Desanka ìyàwó Radisav bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá Miloje, ẹ pe ọmọ yìí."

"Ọjọ́ Lúùkù ló lọ, ọjọ́ Lúùkù ni yóò padà wá. A kì í sì í pèèyàn lọ́jọ́ Lúùkù. Ó mọ̀nà."

Ṣé ẹ rí okùn tí àgbàlagbà fi so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀? Ó ní òun ló máa pè é, ó sì wá yan ọjọ́ tí a kì í pèèyàn. Inú ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí. Desanka kú láìfojú kan ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin ín, Miloje dúró lẹ́yìn ọgbà itẹ́ òkú, Radisav sì rí i. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tún dúró. Nígbà tí a bo sàréè tán, ọmọ ti lọ.

Láti ọdún tí Miloje ti kúrò nílé, Tihomir àlùfáà ló ń bá a yí búrẹ́dì. Láràárọ̀ ni Radisav sì ń kúnlẹ̀ síwájú àwòrán Lúùkù, tó ń sọ pé, "Olúwa, mú Miloje padà wálé." Irun rẹ̀ funfun tán lórí àdúrà kan yìí. Kò fò ó lọ́jọ́ kan, kódà nígbà tí ikọ́ gbé e ṣánlẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Ọdún yìí, Kruna, obìnrin àdúgbò tó ń bá a dáná lọ́jọ́ ẹni mímọ́, ń fi ewé kábéèjì wé ẹran lílọ̀. Ẹnu obìnrin náà mú.

"Bàbá Miloje, ẹ̀ ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ta lẹ fẹ́ fi àbẹ́là yìí sílẹ̀ fún? Ológbò yín?"

"Ó ń bọ̀."

"Ó ti ń bọ̀ tipẹ́! Ìgbín ì bá ti dé. Ẹ pè é jàre, àṣà ò ní kú."

Radisav wúkọ́ títí. Lẹ́yìn náà ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní kí Kruna bá òun tẹ fóònù. Kruna fẹ́ jáde, ó ní kó dúró.

"Ta nìyẹn?" ni Miloje wí lórí fóònù.

"Èmi ni. Bàbá ẹ. Miloje, máa bọ̀ nílé. Ọjọ́ Lúùkù ni. Mo fẹnu ara mi pè ọ́."

Nígbà tí ọmọ fọhùn, ohùn rẹ̀ ò le rárá, ìyẹn ló tilẹ̀ dunni jù.

"Bàbá, ọdọọdún ni mo ń retí ìpè yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ sin Màámi, ká ní ẹ kàn juwọ́ sí mi ni, ǹ bá sáré wá bá yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ti wá pè mí báyìí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í pèèyàn síbi ọjọ́ ẹni mímọ́. Ẹni tí ẹ bá ní láti pè kì í ṣe ara ilé mọ́. Mi ò bínú, Bàbá. Mi ò kàn ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ ni. Ẹ máa tọ́jú ara yín."

Ó pa fóònù. Kruna bú sí èpè.

"Aláìmoore ọmọ! Ọmọ tí…"

"Fi í sílẹ̀, Kruna. Òótọ́ ló sọ."

Tihomir dé, wọ́n yí búrẹ́dì, wọ́n bù ú. Àwọn ará abúlé ń wọlé wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí i, wọ́n ń jókòó. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ bá wọn, Radisav kúnlẹ̀ síwájú àwòrán náà. Kruna tó gbé àwo oúnjẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ rò pé òun mọ ohun tó máa sọ.

"Olúwa," ni Radisav wí, "lọ́jọ́ tí Miloje bá gbọ́ tí wọ́n ń pè Ọ́ ní Baba, má jẹ̀ẹ́ kó rò pé ẹni bíi tèmi ni Ọ́."